Ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi rí, ṣé ọ̀nà wà tí orúkọ rẹ̀ fi lè kúrò lójú ayé?

ỌmọIlódè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan rèé fún àwọn tó mọ òfin.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọdún 24 nígbà náà, jẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo lórí ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Kóòtù ní kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí kó san owó ìtanràn. Wọ́n san owó náà, ó sì padà sílé. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí. Ó ń wá iṣẹ́, ó sì tún ń wá ilé-ẹ̀kọ́ sí òkè òkun. Ẹnì kan ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ní òun mọ ẹni tí yóò bá a nu orúkọ rẹ̀ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá bó bá mú owó wá. Ẹlòmíràn sọ pé ní Amẹ́ríkà, bí ọdún díẹ̀ bá ti kọjá, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń fi èdìdì dí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé irú òfin yẹn wà níbí? Bí kò bá sí, kí ló kù tí èèyàn lè ṣe?

Agbẹjọ́rò Ẹnuwá

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó ní kí àkọsílẹ̀ ìdálẹ́bi àgbàlagbà di bíbò mọ́lẹ̀ lẹ́yìn iye ọdún kan. Kò sì sí fọ́ọ̀mù tí èèyàn ń kún ní kóòtù kí adájọ́ lè pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní òun yóò bá yín nu orúkọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá, jìbìtì ló fẹ́ lù yín. Bó bá sì rí i ṣe ní tòótọ́, ó burú ju jìbìtì lọ: yíyí ìwé ìjọba padà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó sanwó fún un náà sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ní kéèsì kan tẹ́lẹ̀ yóò wá ní méjì. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Orúkọ ẹni tó bá jẹ́jọ́ kì í wà lójú kan ṣoṣo. Ó wà nínú ìwé kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́. Ó wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, torí abala 16 òfin ACJA ti ọdún 2015, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ní kí ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀daràn wà ní olú-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ìdájọ́ ṣọwọ́ sí ibi àkọsílẹ̀ gbogboogbò láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó pe ẹjọ́, tí wọ́n ní ìtẹ̀ka àti fọ́tò tiwọn. Ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n bó bá sun ibẹ̀ lálẹ́ ẹyọ kan. Ó sì lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kálukú wọn ló ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Èyí tí ẹ bá tì kò ní kí òmíràn tì. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ọ̀nà àbáyọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí kóòtù kọ sílẹ̀ gan-an. Akọ̀wé Kóòtù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ bí wọ́n ṣe ń gbà á.

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí ni ẹ ó béèrè, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní CTC. Kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n yà lórí fóònù, kì í sì í ṣe ohun tí ìwé ìròyìn gbé jáde.

Ẹ kọ lẹ́tà sí rẹ́jísírà kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ náà. Nọ́ńbà ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà náà, pẹ̀lú orúkọ olùjẹ́jọ́ bó ṣe wà lójú ìwé ẹ̀sùn, orúkọ adájọ́, ọjọ́ ìdájọ́, àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ìwé ọ̀hún. Nọ́ńbà ẹ̀sùn ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in lọ́wọ́ yóò jókòó kí òṣìṣẹ́ máa ṣí ìwé ńlá lójú ewé lójú ewé. Bí nọ́ńbà bá ti sọnù, lọ́yà tó dúró fún un lọ́jọ́ náà sábà máa ń ní in nínú fáìlì. Ó sì máa ń wà lórí ìwé bélì.

Wọn yóò ṣírò owó, ẹ ó san án, ẹ ó gba rìsíìtì. Abala 104 òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà fún ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i bó bá ti sanwó tí òfin là sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní káńtà, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ìwé wò. Gbólóhùn tó ní ẹ̀dà òtítọ́ ni gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ òṣìṣẹ́, ipò rẹ̀, ìfọwọ́sí àti òǹtẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, wọn yóò dá a padà níbi tí ẹ bá mú un lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú àṣẹ kóòtù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí kóòtù dá ẹjọ́ nù kí wọ́n sì dá olùjẹ́jọ́ láre yàtọ̀ sí kí wọ́n kàn gbá ẹjọ́ dànù. Èyí tí wọ́n kàn gbá dànù, wọ́n ṣì lè tún un gbé wá. Kí kóòtù kìlọ̀ fún èèyàn kó sì tú u sílẹ̀ lè jẹ́ lẹ́yìn ìdálẹ́bi, ó sì lè jẹ́ láìsí ìdálẹ́bi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, orí ọ̀rọ̀ náà sì ni gbogbo ohun tí ẹ ó ṣe lẹ́yìn náà dúró lé.

ỌmọIlódè

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ohun tó ń dà wá láàmú nìyí: ó san owó ìtanràn, kò wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó dúró tì í lọ́jọ́ náà sọ fún ìyá rẹ̀ pé "ó ti parí, wọ́n ti fi í sílẹ̀". Ṣé ìdálẹ́bi náà ni wọ́n ń pe ìyẹn?

Agbẹjọ́rò Ẹnuwá

Ìdálẹ́bi ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti ba ọjọ́ iwájú ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ ní agbègbè wa yìí, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì kà á dáadáa.

Ìtanràn kì í ṣe owó tí èèyàn san kí ẹjọ́ má bàa sí. Ìjìyà ni, kò sì sí ìjìyà láìsí ìdálẹ́bi. Adájọ́ á kọ́kọ́ sọ pé ó jẹ̀bi, kó tó wá sọ pé oṣù mẹ́ta tàbí iye owó báyìí. Bí ẹ bá san owó náà ní wákàtí kan náà, ìjìyà ti parí, ìdálẹ́bi ṣì dúró. Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń ní kí àwọn ọmọ máa ṣe, bíi gbígbá ọgbà kóòtù, ìjìyà lẹ́yìn ìdálẹ́bi ni òun náà.

Àdéhùn pẹ̀lú agbẹjọ́rò ìjọba, tí abala 270 ACJA fàyè gbà, bákan náà ni. Olùjẹ́jọ́ gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kan, ìjọba sì fi èyí tó wúwo jù sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fara mọ́ ìjìyà tó fúyẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ máa ń gbọ́ ni "wàá lọ sílé lónìí". Òótọ́ ni, wọn yóò lọ sílé, ṣùgbọ́n ìdálẹ́bi ni wọn yóò gbé délé. Nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lórí ìwà àìṣòótọ́ kò lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bí ọdún mẹ́wàá kò bá tíì pé, jìbìtì sì wà nínú ìwà àìṣòótọ́.

Ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò bá tíì parí ṣì láǹfààní. Abala 454 ACJA fún kóòtù lágbára pé bí ẹ̀sùn bá tilẹ̀ fìdí múlẹ̀, adájọ́ lè wo ọjọ́ orí, ìlera, ìwà àtẹ̀yìnwá, tàbí bí ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe kéré tó, kó má sì dá a lẹ́bi rárá. Ó lè dá ẹ̀sùn nù, tàbí kó tú u sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn ìwà rere tí kò ní ju ọdún mẹ́ta lọ. Lọ́yà ní láti béèrè fún un kí adájọ́ tó kéde ìdálẹ́bi. Bó bá ti kéde tán, ilẹ̀kùn yẹn ti tì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni mo ń sọ yìí o. Bó bá jẹ́ kóòtù ìpínlẹ̀, kí lọ́yà yín wo ohun tí òfin Ọ̀ṣun sọ.

Ní ti ẹni tó ti gba ìdájọ́, ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè fa ìdálẹ́bi náà tu láti gbòǹgbò. Láti Ilé Ẹjọ́ Gíga, 90 ọjọ́ ni òfin fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ lè tọrọ àfikún àkókò, ẹ ó sì fi ohun méjì hàn: ìdí gidi tí ẹ fi pẹ́, àti ìdí ìpẹ̀jọ́ tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ tó yẹ kí kóòtù gbọ́. "A ò mọ̀" nìkan kò tó. Fún ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi, ọ̀nà náà tún há sí i. Àfi bí wọn kò bá ka ẹ̀sùn fún un lédè tó gbọ́, tàbí bí ohun tó gbà kò bá ẹ̀sùn mu, tàbí bí kóòtù náà kò bá lágbára láti gbọ́ ọ.

ÌyáÌjẹ̀ṣà

Ẹ kú àlàyé o. Ní ọ̀dọ̀ wa ní Iléṣà ńkọ́, níbi tí ọmọ ọdún 16 bá wà nínú àwọn tí wọ́n kó nítorí ìjà, tí wọ́n sì gbé gbogbo wọn lọ sí kóòtù májísíréètì pọ̀? Ṣé òun náà yóò gbé e kiri títí ayé ni?

Alábòójútó Ọmọdé

Rárá o, ìyá. Ibí yìí ni òfin wa ti ṣàánú jù lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn kì í ti í lò ó.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀. Abala 205 nínú ti ọdún 2003 ní kí àkọsílẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ wà ní àṣírí, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn má ráyè wò ó, kí wọ́n má sì lò ó lòdì sí i nínú ẹjọ́ mìíràn nígbà tó bá dàgbà. Ohunkóhun tó lè jẹ́ kí aráyé mọ ọmọ náà, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Abala 213 tún wá sọ pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀rọ̀ "ìdálẹ́bi" fún ọmọdé rárá. Èyí ló sún mọ́ èdìdì tí ỌmọIlódè ń béèrè jù lọ.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ orí. Wọ́n á kọ 18 tàbí 19, yálà ọmọ fúnra rẹ̀ ló purọ́ torí ó fẹ́ dà bí àgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí wọn kò béèrè. Gbogbo ìwé tó bá tẹ̀ lé e ni yóò máa gbé ọjọ́ orí yẹn kiri. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ gbé ìwé ìbí lọ, èyí tó ti àjọ ètò ìkànìyàn jáde. Bí kò bá sí, ẹ mú ìwé ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí tàbí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìbúra tí òbí ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ọmọ, kóòtù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e sórí.

Bí wọ́n bá ti dájọ́ rẹ̀ bí àgbà, ẹ má jókòó. Kí lọ́yà gbé ìwé ìbí náà lọ síwájú kóòtù, kó tọrọ pé kí wọ́n fagi lé e, kó sì béèrè pé kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ náà bí òfin ṣe wí. Ilé ẹjọ́ ẹbí ni irú ẹjọ́ yẹn ti yẹ kó wáyé láti ìbẹ̀rẹ̀.

ỌmọÌfẹ̀ Brooklyn

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Amẹ́ríkà, torí àwọn èèyàn ń gbé e kiri bí ẹni pé orílẹ̀-èdè náà ní òfin kan ṣoṣo. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní New York, òfin tí wọ́n ń pè ní Clean Slate bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní November 16, 2024. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ọdún mẹ́ta. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tí ẹni náà jáde lẹ́wọ̀n ni wọ́n ti ń kà á, tàbí ọjọ́ ìdájọ́ bí kò bá wọ ẹ̀wọ̀n. Kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀sùn tuntun lọ́rùn rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́ kóòtù. Ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wúwo jù bí ìpànìyàn. Fọ́ọ̀mù kò sí, kóòtù ni yóò ṣe é fúnra wọn, wọ́n sì ní títí di November 16, 2027 láti parí ti àwọn àtijọ́. Ẹni tí ọdún rẹ̀ ti pé lè máà tíì rí i kó yí padà báyìí.

Kò pa á rẹ́ o. Ọlọ́pàá àti kóòtù ṣì ń rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iṣẹ́ tí òfin ní kí wọ́n yẹ ìtẹ̀ka wò, irú bí iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé àti aláìlera.

Ọ̀nà mìíràn ti wà ní New York láti October 2017, tí èèyàn fi ń kọ̀wé sí kóòtù fúnra rẹ̀: ìdálẹ́bi méjì péré, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀dọ́ Sábó

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fi èdìdì dì í, ìyẹn ni pé ẹni náà lè dáhùn "rárá" nínú fọ́ọ̀mù green card àti ti ọmọ onílùú. Òfin ti sọ pé kò sí mọ́.

ỌmọÌfẹ̀ Brooklyn

Àbúrò, jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìmọ̀ràn yẹn ti lé èèyàn kúrò nílùú rí.

Èdìdì ìpínlẹ̀ kò de ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ìwọlé. Òfin ìwọlé ní ìtumọ̀ ìdálẹ́bi tirẹ̀: bí èèyàn bá gbà pé òun jẹ̀bi, tí adájọ́ sì fi ìjìyà kan tàbí ìkáwọ́kò kan lé e, ìdálẹ́bi ni, yálà ìpínlẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà tàbí kò bò ó. Fọ́ọ̀mù ọmọ onílùú, N-400, béèrè ohun gbogbo títí kan èyí tí wọ́n ti fi èdìdì dì. Ẹni tó bá kọ "rárá", ìtẹ̀ka rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ lè máà tó ohun tí wọ́n fi lé èèyàn, irọ́ orí fọ́ọ̀mù ni yóò wá tó o.

Wọ́n tún máa ń ṣe àṣìṣe kan: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi èdìdì dì í, àtigba ẹ̀dà ìdájọ́ máa ń le. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba CTC tirẹ̀ pamọ́ ṣáájú, torí òṣìṣẹ́ ìwọlé yóò béèrè rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà Peckham

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyí ní ṣókí. Òfin 1974 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun ló sọ iye ọdún tí ìdálẹ́bi fi gbọ́dọ̀ pé kí èèyàn tó lè dákẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì dín ọdún náà kù ní October 28, 2023. Ìtanràn: ọdún kan láti ọjọ́ ìdálẹ́bi. Ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan: ọdún kan lẹ́yìn tí ìdájọ́ bá parí. Èyí tó ju ọdún kan títí dé mẹ́rin: ọdún mẹ́rin. Èyí tó ju mẹ́rin lọ: ọdún méje, yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, ìwà ipá tó wúwo àti ìpániláyà. Lẹ́yìn náà, kò pọn dandan kó sọ ọ́ fún agbanisíṣẹ́ lásán.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá ń ṣe níbẹ̀, ìtọ́jú arúgbó àti iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lára èyí tí òfin náà kò bò. Ìwé DBS tó jinlẹ̀, èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn èèyàn wò, lè gbé e jáde. Òfin náà kò sì bo ọ̀rọ̀ físà: fọ́ọ̀mù físà UK ń béèrè ìdálẹ́bi gbogbo, ti Nàìjíríà pẹ̀lú.

ỌmọIlódè

Ó ti yé mi báyìí. Ó wá ku ìdáríjì. Mo ń gbọ́ pé gómìnà máa ń dárí ji àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́jọ́ òmìnira. Ṣé ẹni tó ti lọ sílé lè béèrè? Ṣé yóò sì pa á rẹ́?

Agbẹjọ́rò Ẹnuwá

Ó lè béèrè. Kí ó kọ́kọ́ mọ òfin ta ló ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí olè jíjà tàbí lílu èèyàn ní kóòtù májísíréètì Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, gómìnà ni, lábẹ́ abala 212 Òfin Ìpìlẹ̀. Bó bá jẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, bí òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, Ààrẹ nìkan ló lágbára, lábẹ́ abala 175. Ọmọ tí ẹ ń sọ yìí, ti Ààrẹ ni tirẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí gómìnà, ọdún kan lè gorí lẹ́tà náà kó tó padà.

Òfin Ìpìlẹ̀ ka ohun mẹ́rin: ìdáríjì gan-an, sísún ìjìyà síwájú, fífi ìjìyà tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó wúwo, àti dídín ìjìyà kù tàbí fífi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n gbà: wọ́n fi ìyókù ẹ̀wọ̀n jì wọ́n, ìdálẹ́bi ṣì wà. Ìdáríjì gan-an nìkan ló kan ìdálẹ́bi. Ẹ ka ìwé tí ìjọba fún un, kí ẹ rí èwo ni wọ́n kọ.

Ní 1999, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Falae àti Obasanjo pé ìdáríjì kíkún sọ èèyàn di ẹni tuntun, ìdálẹ́bi Obasanjo ti ọdún 1995 kò sì lè dí i lọ́wọ́ ìbò mọ́. Ní 2013 wọ́n dárí ji Alamieyeseigha, gómìnà Bayelsa tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti jáde, nítorí náà kò pọn dandan kí èèyàn wà lẹ́wọ̀n kó tó béèrè. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kò ya ewé kúrò nínú ìwé kóòtù. Ìdájọ́ wà ńbẹ̀, ìwé ìdáríjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, DS-160, pàápàá ń béèrè bóyá wọ́n ti mú ẹ rí tàbí dá ẹ lẹ́bi rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dárí jì ẹ́.

Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ jọ ìpẹ̀jọ́. Ẹni tó bá ń jà pé òun kò jẹ̀bi nínú rẹ̀, wọn yóò ní kó lọ sí kóòtù. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ nìyí: orúkọ bó ṣe wà lójú ìwé ẹ̀sùn, nọ́ńbà ẹ̀sùn, kóòtù, ọjọ́, ẹ̀ṣẹ̀ àti abala òfin, ìjìyà, ẹ̀rí pé ó ti jẹ ẹ́ tán. Kí ó dá ohun tó jẹ padà fún ẹni tó lù ní jìbìtì bí kóòtù bá ti pàṣẹ rẹ̀, kí rìsíìtì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ohun tó ti fi ọdún wọ̀nyẹn ṣe, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n níṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Kí ó sọ ohun tí ìdálẹ́bi náà ń dí i lọ́wọ́ rẹ̀ ní pàtó. "Kí ayé mi lè dára" kò tó, "iṣẹ́ báyìí béèrè èyí" ló ń ṣiṣẹ́. Ti ìpínlẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ Kọmíṣọ́nà Ìdájọ́ ní Abẹ́rẹ́, Òṣogbo. Ti Ààrẹ ń gba iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Àbújá. Ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín.

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé ẹ̀rí ìwà ọlọ́pàá kún un, torí ilé-ẹ̀kọ́ òkè òkun àti físà yóò béèrè rẹ̀. Orí POSSAP, ojú-òpó ọlọ́pàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá lọ tẹ ìka. Ìtẹ̀ka ló ń mú èsì wá, kì í ṣe orúkọ nìkan, nítorí náà yíyí orúkọ padà kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n dá láre tàbí tí wọ́n gbá ẹjọ́ rẹ̀ dànù náà lè rí i pé ìmúni ṣì wà lórí ìwé, torí àbájáde ẹjọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ má dúró de ọjọ́ físà. Ẹ mú CTC, ẹ kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nà Ọlọ́pàá ní Òṣogbo nípasẹ̀ ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n kọ àbájáde sí i.

Alábòójútó Ọmọdé

Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n gan-an, yálà ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀, má gbàgbé ìwé ẹ̀rí ìwà rere tí òfin iṣẹ́ àtúnṣe ti ọdún 2019 dá sílẹ̀. Òfin náà ní kí wọ́n má torí ẹ̀wọ̀n tó ti ṣe ṣe ẹ̀tanú sí ẹni tó bá ní in. Àwọn alábòójútó ọgbà ló ń dámọ̀ràn rẹ̀, nítorí náà kí ó béèrè kó tó jáde, nígbà tí àwọn tó mọ ìwà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

ÌyáÌjẹ̀ṣà

Fọ́tò wọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Èyí ló ń dun àwọn ìyá jù. Tí ẹ bá tẹ orúkọ ọmọ báyìí, ohun àkọ́kọ́ tó jáde nìyẹn.

Agbẹjọ́rò Ẹnuwá

Mo mọ̀ ọ́n lára, ìyá. Ó sinmi lórí bí ìròyìn náà ṣe rí. Òfin ààbò ìwífún ti ọdún 2023 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n ṣàtúnṣe ohun tí kò tọ̀nà, tí kò pé, tàbí tó ń ṣini lọ́nà, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Bí ìròyìn bá sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta nígbà tó jẹ́ oṣù mẹ́ta, tàbí bí ó bá dúró sórí ìmúni láìsọ pé kóòtù dá a láre, ẹ ní ẹsẹ̀ tí ẹ lè fi dúró. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó gbé e jáde, ẹ so CTC mọ́ ọn, ẹ sọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà ní pàtó, ẹ sì fún wọn lọ́jọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, Àjọ Ààbò Ìwífún ló kàn. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó jẹ́ òótọ́ nípa ìdájọ́ ní gbangba le láti yọ, torí òfin náà fàyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ̀tọ́ tí àwọn ará Yúróòpù fi ń ní kí Google yọ orúkọ wọn kúrò kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa lọ́nà yẹn. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ jáde, ìyẹn lòdì sí òfin láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lọ bá lọ́yà lónìí.

Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà, kí ó lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, ní Òṣogbo. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, ₦70,000 láti 2024, ni òfin ní lọ́kàn.

ỌmọIlódè

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Òṣogbo la ó gbà lọ lọ́jọ́ Ajé fún CTC, a ò sì ní dá ẹni Mayfair yẹn lóhùn mọ́. Ìbéèrè kan ló kù: orúkọ tó wà lójú ìwé ẹ̀sùn kò bá ti ìwé ìrìnnà rẹ̀ mu, wọ́n ṣi lẹ́tà méjì kọ, orúkọ àárín kò sì sí níbẹ̀.

Akọ̀wé Kóòtù

Ẹ má ní kí wọ́n tún un ṣe lórí CTC, wọn kò lè yí ohun tó wà nínú ìwé kóòtù padà. Bó ṣe wà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù pé ẹni kan náà ni orúkọ méjèèjì, kí ẹ so ó pọ̀ mọ́ CTC àti ojú ewé ìwé ìrìnnà. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún ẹ̀bẹ̀ Àbújá, ọ̀kan fún físà, ọ̀kan fún ilé. Kí ẹ dé kí agogo mẹ́wàá tó lù.